Ẹ Má Fi Òfin Àná Gba Ẹjọ́ Gbèsè Òní

Ẹ̀yin amòfin wa, tàgbà tèwe, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bi, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn ń wọ ọ́fíìsì yín, àwọn tí owó wọn há sí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà sì ń wọlé tẹ̀lé wọn. Bí ẹ bá gba iṣẹ́ wọn láìtíì padà lọ kọ́ bí òfin gbèsè ṣe rí lónìí, ẹ ó ṣe wọ́n léṣe, ẹ ó sì ṣe ara yín náà léṣe. Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ yín ni pé kí ẹ kọ́ ọ ná kí ẹ tó gbà á.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣòwò ní Nàìjíríà mọ ohun tó gbé wa dé ibi tí a dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ìwọ̀n èlé tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, fi lélẹ̀ jẹ́ 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó ti di 27.5. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní ọjà ìjọba, ṣùgbọ́n kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,500. Oníṣòwò tó yáwó ra ẹ̀rọ láti òkè òkun lásìkò yẹn kì í ṣe olè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìṣirò tó fi yáwó ló dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò wá sọ́dọ̀ lọ́yà nítorí àtigbọ́ òyìnbó ńlá. Bí yóò ṣe rí ohun tó kù gbà là ló bá wá.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló kọ́ òfin ilé-iṣẹ́ ní yunifásítì àti ní Law School nígbà tí CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ wa, ti ọdún 1990 ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí CAMA tuntun, ti àtijọ́ sì dópin. Kì í ṣe nọ́ńbà àwọn abala òfin nìkan ni wọ́n yí. Èrò tó wà nídìí òfin náà gan-an ló yí padà. Lábẹ́ ti àtijọ́, bí gbèsè bá ti borí ilé-iṣẹ́, ibi méjì ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń já sí: kí báńkì yan receiver tí yóò wá gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá, tàbí kí kóòtù pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé, kí wọ́n pín ìyókù. Òfin tuntun fẹ́ kí á kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ náà ṣì lè là, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, kí àwọn tí wọ́n jẹ lówó sì lè rí ju èérún lọ.

Ẹ rántí Etisalat Nigeria. Ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ náà yá dọ́là bílíọ̀nù 1.2 lọ́wọ́ báńkì 13 ní ilẹ̀ wa. Nígbà tó di ọdún 2017, kò rí ìyókù owó náà san bó ṣe yẹ mọ́. Kò sí ètò kankan nínú òfin ilé-iṣẹ́ wa nígbà náà tó lè fi í sábẹ́ alámòójútó, kí gbogbo olówó dáwọ́ dúró ná. Ńṣe ni CBN àti NCC, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ tẹlifóònù, bọ́ sáàárín. Ní oṣù keje ọdún yẹn, ilé-iṣẹ́ náà yí orúkọ padà sí 9mobile. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí gbogbo ìlú mọ̀ rí ẹni bá a dá sí i. Ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì tó ní òṣìṣẹ́ ogún ní Òṣogbo kò lè retí pé CBN yóò wá gba òun. Òfin àti lọ́yà rẹ̀ nìkan ló ní.

Ọ̀nà ti wà báyìí. Àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ lè gbé àbá síwájú àwọn tí wọ́n jẹ lówó pé iye báyìí ni apá àwọn ká, àsìkò báyìí ni àwọn yóò san án tán. Bí àwọn olówó bá gbà á bí òfin ṣe wí, ó ti de gbogbo wọn nìyẹn, àfi pé a kò lè fi fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ ẹni tó ní ohun ìdógò lọ́wọ́ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà. Èyí ni wọ́n ń pè ní company voluntary arrangement. Ọ̀nà kejì ni administration, níbi tí alámòójútó yóò ti wọlé wá máa darí ilé-iṣẹ́ náà. Bó bá ti wọlé, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá tàbí kó máa bá ẹjọ́ lọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ kóòtù.

Abala 717 náà wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ bá àwọn olówó rẹ̀ ṣe àdéhùn, tó sì ti fi ìwé ìbúra kó gbogbo ìwé tó yẹ kalẹ̀, ní oṣù mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò ní lè gbé ẹjọ́ ìkógbásílé dìde sí i, tí wọn kò sì ní lè gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní rẹ̀. Ẹni tó ní ohun ìdógò sì ní ọjọ́ 60 láti lọ bẹ kóòtù pé kó yọ tòun kúrò lábẹ́ ìdádúró náà. Ẹ wo àwọn ọjọ́ yìí dáadáa. Lọ́yà báńkì tí kò mọ̀ pé ọjọ́ 60 wà yóò káwọ́ gbera títí ọjọ́ yóò fi kọjá. Lọ́yà onígbèsè tí kò mọ̀ pé oṣù mẹ́fà wà yóò jẹ́ kí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ oníbàárà rẹ̀ pa, nígbà tó jẹ́ pé ìwé ìbúra kan ìbá ti ra àsìkò fún un. Àwọn méjèèjì gbowó iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ló ba nǹkan jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń ṣẹlẹ̀ jù. Láyé àwọn baba wa, bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, ológò ni wọ́n ń rán sí i. Ológò yóò wọ ilé rẹ̀, yóò dógò tì í, yóò máa pariwo, yóò máa mú ohun tó bá wù ú jẹ, títí ojú yóò fi ti ará ilé tí wọn yóò sì wá owó náà jáde. Àwọn lọ́yà kan ṣì ń lo ẹjọ́ ìkógbásílé bí ẹní rán ológò. Wọ́n mọ̀ pé oníbàárà àwọn kò fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà kú, owó rẹ̀ ló ń wá, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kó kọ́kọ́ dẹ́rù ba onígbèsè ná. Ó ti pẹ́ tí kóòtù ti kọ̀ ọ́. Nínú ẹjọ́ Hansa International Construction àti Mobil Producing Nigeria tó wà nínú ìwé ìròyìn òfin ọdún 1994, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn là á mọ́lẹ̀ pé bí àríyànjiyàn tòótọ́ bá wà lórí gbèsè, a kò gbọdọ̀ fi ẹjọ́ ìkógbásílé fipá gbà á. Ẹ má tún gbé e lọ. Kóòtù yóò dá a nù, oníbàárà yín yóò san owó ìtánràn ẹjọ́, gbèsè rẹ̀ yóò sì ṣì wà níbi tó wà.

Ẹ wá wo lẹ́tà kan báyìí, irú èyí tí ń jáde láti inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí kò tíì tún fáìlì rẹ̀ ṣe. Lókè pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé abala 409 CAMA ni àwọn fi ń béèrè owó. Lábẹ́ rẹ̀ ni iye owó wà: ₦185,000, owó aṣọ tí oníbàárà tà láwìn ní Gbági. Wọ́n fún onígbèsè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní bí kò bá san, àwọn yóò ní kí kóòtù pa ilé-iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. Lẹ́tà náà dán, àkọlé orí rẹ̀ sì lẹ́wà. Àmọ́ abala 409 tí wọ́n tọ́ka sí, inú òfin 1990 ló wà, tó fi ₦2,000 ṣe òṣùwọ̀n. Abala 572 ló wà níbẹ̀ lónìí, ohun tó sì sọ ni pé gbèsè náà gbọdọ̀ ju ₦200,000 lọ kí àìsan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó lè di ẹ̀rí pé ilé-iṣẹ́ kò lè san gbèsè rẹ̀. Lẹ́tà yẹn kò lè gbé ẹjọ́ kankan dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ, owó lọ́yà ti lọ, onígbèsè sì ti rí i pé ẹni tó ń bá òun jà kò mọ ọ̀nà.

Àṣìṣe kejì burú ju ìyẹn lọ. Bí lẹ́tà tó péye bá dé ọwọ́ oníbàárà yín, tí gbèsè náà lé ní ₦200,000, tí kò sì sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀, ẹ má sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀, pé wọn kò lè ṣe nǹkan kan. ₦200,000 kì í ṣe owó ńlá fún ilé-iṣẹ́ lónìí. Lẹ́tà tí akọ̀wé tì sínú dúrọ́ọ̀ lè di ẹjọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n máa ń kéde irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Bí báńkì bá ti rí orúkọ ilé-iṣẹ́ níbẹ̀, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀ mọ́, àwọn tó ń kó ọjà fún un láwìn yóò ní àfi owó lọ́wọ́. Kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó kò, ọjà ti dá. Ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ni kí ẹ fèsì. Bí gbèsè bá wà, ẹ bá wọn jókòó ṣe àdéhùn tí ẹ kọ sílẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí, kó ti wà ní àkọsílẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra nípa kóòtù tí ẹ ń lọ. Òfin ìpìlẹ̀ 1999, abala 251, ti fi ọ̀rọ̀ òfin ilé-iṣẹ́ àti ti ìwọgbèsè sọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Àkúrẹ́, Adó-Èkìtì àti Ìlọrin, kì í ṣe Èkó nìkan. Nítorí náà, kí lọ́yà ìgbèríko má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti àwọn tó wà ní Victoria Island. Ẹni tó bá gbé ẹjọ́ ìkógbásílé lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ ti gbé e lọ síbi tí kò sí agbára láti gbọ́ ọ. Ní ìdà kejì, gbèsè kékeré tí kò ní wàhálà nínú kò nílò ariwo tó tó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2018 ni Èkó ti ní kóòtù gbèsè kékeré, tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ owó tí kò ju mílíọ̀nù ₦5 lọ, tí wọ́n sì fẹ́ kó parí láàárín ọjọ́ 60. Ilé-ẹjọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ náà sì ní ètò fún gbèsè tí onígbèsè kò lè jiyàn lé lórí. Ẹ kọ́ láti yan ọ̀nà tó kúrú, tó sì dá yín lójú.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kí báńkì yàn yín ṣe receiver, ọ̀rọ̀ yín rèé. Tẹ́lẹ̀, kí èèyàn ti jẹ́ lọ́yà tí báńkì fọkàn tán ti sábà tó. Kò tó mọ́. CAMA 2020 ní ẹni tó bá máa jẹ́ receiver, alámòójútó tàbí ẹni tí yóò pa ilé-iṣẹ́ rẹ́ gbọdọ̀ jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ọ̀ràn ìwọgbèsè. Ó gbọdọ̀ ní oyè nínú òfin, ìṣirò owó tàbí ẹ̀kọ́ mìíràn tó bá a mu. Ó gbọdọ̀ ti lo ó kéré tán ọdún márùn-ún nínú irú iṣẹ́ náà lẹ́yìn tó ti gboyè. Ó gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ BRIPAN, ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ìwọgbèsè, tàbí ti ẹgbẹ́ mìíràn tí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, fọwọ́ sí, CAC sì gbọdọ̀ ti fún un láṣẹ. Ìlànà ìwọgbèsè ti ọdún 2022 tún ti wà láti ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà yóò ṣe máa lọ. Bí ẹ kò bá tíì tó o, ẹ ṣe bí ẹ ti mọ, bí ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ilé tí ẹ bá tà láìní àṣẹ, ẹni tó rà á lè pàdánù rẹ̀, ẹ̀yin ni yóò sì máa dá lẹ́bi. Ẹni tó sì kún ojú òṣùwọ̀n gan-an gbọdọ̀ rántí pé kì í ṣe ọmọọṣẹ́ báńkì nìkan ni òun. Òfin ní ó gbọdọ̀ fi òótọ́ inú bá ilé-iṣẹ́ náà lò, ó sì gbà á láyè láti ro ti àwọn òṣìṣẹ́.

Àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ náà nílò kí ẹ tètè kì wọ́n nílọ̀. Abala 673 òfin tuntun mú ohun kan wá tí kò sí tẹ́lẹ̀. Bí olùdarí bá mọ̀, tàbí tó yẹ kó mọ̀, pé ilé-iṣẹ́ kò lè yè é mọ́, tó sì ń gba ọjà láwìn lọ, tó ń gba owó oníbàárà sílẹ̀, kóòtù lè ní kó sanwó látinú àpò ara rẹ̀. Kò dìgbà tó bá purọ́ tàbí jalè. Lọ́yà tí kò sọ èyí fún olùdarí lọ́jọ́ tí ìṣòro bẹ̀rẹ̀ ti jẹ́ kó máa rìn wọnú iná. Bákan náà ni ti ohun ìdógò. Bí ilé-iṣẹ́ bá fi dúkìá dúró fún owó tó yá, ẹ gbọdọ̀ fi í sórí ìwé CAC láàárín ọjọ́ 90. Bí ẹ bá gbàgbé, tí ilé-iṣẹ́ náà sì kógbá sílé, báńkì tó rò pé òun ní ilé lọ́wọ́ yóò rí i pé òun wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ẹni tó ta bébà láwìn.

Ẹ má sì rò pé CAMA nìkan ló ń ṣe ìdájọ́ gbogbo ẹni tó wọ gbèsè. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2024, CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank, ó sì fa báńkì náà lé NDIC, àjọ adójútòfò owó báńkì, lọ́wọ́ láti pa á rẹ́. Ẹni tó ní owó níbẹ̀ kò nílò lọ́yà tí yóò gbé ẹjọ́ ìkógbásílé lọ sí kóòtù. Ohun tó nílò ni ẹni tí yóò sọ fún un pé NDIC yóò san tó mílíọ̀nù ₦5 fún un gẹ́gẹ́ bí ìdójútòfò, pé ìyókù yóò máa wá díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń ta dúkìá báńkì náà, àti pé ó yẹ kó tètè kó ẹ̀rí owó rẹ̀ jọ. Ní ọdún 2025, ìpín àkọ́kọ́ tí NDIC kéde lórí ìyókù yẹn jẹ́ kọ́bọ̀ 9.2 lórí náírà kan. Ẹni tó ní mílíọ̀nù ₦10 níbẹ̀ gba mílíọ̀nù ₦5 lákọ̀ọ́kọ́, ìpín rẹ̀ lórí mílíọ̀nù ₦5 tó kù sì jẹ́ ₦460,000. Lọ́yà tó ṣèlérí fún un pé gbogbo rẹ̀ yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ti tàn án jẹ. Gbèsè tó bá sì wà lọ́wọ́ AMCON, àjọ ìjọba tó ra àwọn gbèsè báńkì tó ti bàjẹ́, ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2010, wọ́n sì ti tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Agbára tí òfin yẹn fún AMCON le ju ti olówó lásán lọ, ẹ má ṣe bá a wọ kóòtù pẹ̀lú ohun tí ẹ mọ̀ nípa báńkì.

Ẹ̀yin tí oníbàárà yín ń ná ọjà Kùtọnu àti Lomé, tiyín tún yàtọ̀. Bí a bá ti kọjá Sèmè, òfin OHADA la wà lábẹ́ rẹ̀. Benin àti Togo jẹ́ méjì nínú orílẹ̀-èdè 17 tó ń lo òfin òwò kan náà. Ọdún 1998 ni wọ́n kọ́kọ́ gba òfin wọn lórí ìwọgbèsè, wọ́n sì tún un ṣe ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ní Grand-Bassam. Àtúnṣe yẹn ló mú ìlànà UNCITRAL, àjọ òfin òwò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, lórí gbèsè tó ré kọjá ẹnubodè wọlé sọ́dọ̀ wọn, nígbà tó jẹ́ pé Nàìjíríà kò tíì sọ ìlànà náà di òfin. Nítorí náà, bí ẹni tí oníbàárà yín kó ọjà fún ní Àjàṣẹ́ bá wọ gbèsè, ẹ má jókòó sí Èkó kí ẹ máa kọ lẹ́tà CAMA ránṣẹ́. Ọjọ́ tí kóòtù ọ̀hún dá fún kíkó ẹ̀rí gbèsè wá kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ tètè wá agbẹjọ́rò tó wà níbẹ̀, tó gbọ́ Faransé, kí ẹ jọ ṣe é.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní iṣẹ́ pọ̀, àsìkò kò sí, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sì wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ro ohun tí àìkọ́ yóò ná yín. Láti ọdún 2007 ni ìlànà ìwà iṣẹ́ amòfin ti sọ pé ẹni tó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ yìí lọ gbọdọ̀ máa kópa nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí NBA, ẹgbẹ́ amòfin Nàìjíríà, ṣètò. Ìlànà yẹn náà ló ní kí lọ́yà má gba iṣẹ́ tó mọ̀ pé apá òun kò ká, àfi bó bá pe ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́ra. Òfin tó ń darí iṣẹ́ amòfin náà ní oníbàárà lè pe lọ́yà lẹ́jọ́ fún àìbìkítà. Ààbò tó wà níbẹ̀ fún ohun tí ẹ bá ṣe níwájú adájọ́ kò bo lẹ́tà tí ẹ kọ ní ọ́fíìsì, kò sì bo ohun ìdógò tí ẹ gbàgbé láti fi sórí ìwé.

Bí ẹ bá máa lọ kọ́ ọ, ẹ kọ́ ọ dáadáa. Ẹ má ra sáátífíkéètì. Bí ẹnì kan bá fi ìkéde ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí méjì kan yóò sọ yín di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ NBA-ICLE fọwọ́ sí i, ẹ béèrè ẹni tí yóò kọ́ yín, bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ náà rí, àti òfin ọdún wo ni yóò fi kọ́ yín. BRIPAN àti ẹ̀ka òfin okòwò ti NBA ní ìpàdé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀ràn yìí. Ẹ yan èyí tí wọn yóò ti gbé ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ síwájú yín, tí ẹ ó ti kọ àbá fún àwọn olówó fúnra yín, tí wọn yóò sì bi yín ní ìbéèrè. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ má tan ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ẹ lọ sí kóòtù nítorí kí wọ́n lè ka orúkọ yín. Bí ẹ bá ti dé, ẹ ṣí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, kí ẹ pa gbogbo lẹ́tà tó bá ní abala òfin 1990 nínú rẹ́. Ohun tí a kọ́ tí kò dé inú fáìlì kò tíì dé ibi iṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtánràn $5,000 fún àwọn lọ́yà tó kó ẹjọ́ tí kò sí níbì kankan wá síwájú rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ ló hun ún fún wọn. Ìwọgbèsè jẹ́ ẹ̀ka tí òfin wa ti yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọn jọra. Ẹ̀rọ lè fi ti Lọ́ńdọ̀nù dá yín lóhùn láìsọ fún yín. Ẹ ṣí òfin náà fúnra yín, kí ẹ ka abala náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọ́fíìsì, ẹ má dá nìkan lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn àbúrò tí ẹ gbà síṣẹ́ ló ń kọ lẹ́tà náà, àwọn ló ń gbé e lọ sí kóòtù. Owó tí ẹ bá san lórí wọn kéré sí iye tí àṣìṣe kan yóò gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin àbúrò, bí ọ̀gá kò bá sì san án, ẹ tọ́jú díẹ̀díẹ̀ kí ẹ san án fúnra yín. Ìmọ̀ yìí kò wọ́pọ̀, ẹni tó bá ní i kò ní wá iṣẹ́ tì.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń ka èyí, mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin náà. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún lọ́yà lórí ọ̀rọ̀ gbèsè ilé-iṣẹ́, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í bóyá ó ti ṣe irú rẹ̀ rí láti ọdún 2020, kóòtù wo ni yóò gbé e lọ, àti ọ̀nà mìíràn tó wà yàtọ̀ sí ẹjọ́. Kì í ṣe àrífín. Lọ́yà tó mọṣẹ́ yóò dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín, èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò bínú. Ẹ má dúró kí omi tó dé ọrùn. Oṣù tí ẹ kò bá ti rí owó òṣìṣẹ́ san pé ni kí ẹ ti lọ rí i, nítorí gbogbo ọ̀nà ìgbàlà tí mo kà sílẹ̀ lókè yìí, ẹni tó tètè dé ló ń rí wọn lò.

Gbèsè lè wọ ẹnikẹ́ni, kò sì yẹ kó jẹ́ pé lọ́yà tó yẹ kó yọ èèyàn níbẹ̀ ni yóò tì í wọlé sí i. Ẹ̀yin amòfin wa, kí ọdún yìí tó parí, ẹ lọ kọ́ òfin yìí. Títí ẹ ó fi kọ́ ọ, bí ẹjọ́ ìwọgbèsè bá dé tábìlì yín, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́ra, tàbí kí ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀.